Ìró Eegun Kọ́ Ni Ìwòsàn

Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi láyé ìsinsìnyí nítorí ẹ̀yìn dídùn kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè oògùn mọ́. Ìró ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ti rí i lórí fóònù: ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun di aláìsàn mú, ó lọ́ ọ síbí, ó lọ́ ọ sọ́hùn-ún, eegun dún, aláìsàn sì fi ẹ̀rín dìde. Wọ́n á jókòó níwájú mi, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣe é kó dún." Iṣẹ́ físíò (physiotherapy) ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo sì dàgbà sí. Èmi náà máa ń fi ọwọ́ ti eegun ẹ̀yìn, ó sì máa ń dún lábẹ́ ọwọ́ mi nígbà mìíràn, nítorí náà ẹ má rò pé mo kórìíra ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ìró yẹn ti gba ipò tí kò tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí àwa oníṣẹ́ ìlera ń sọ sétí aláìsàn nípa ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára ju ọwọ́ wa lọ, ìyẹn gan-an ni a kì í sì í ṣọ́.

Fífi ọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ tuntun kì í tíì lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ láyé tí ìyá àgbà yóò ti tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, tí yóò fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti òróró wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí yóò na apá rẹ̀, tí yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ara rẹ̀ lè le. Bàbá tó ti oko dé yóò dojú bolẹ̀ lórí ẹní, yóò ní kí ọmọ rẹ̀ kékeré bá òun gun ẹ̀yìn, ọmọ náà yóò sì máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti ìbàdí dé èjìká. Àwọn tó ń to eegun wà ní ìlú àti ìletò, ọ̀pọ̀ wọn jogún iṣẹ́ náà nínú ìdílé, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń kọ́kọ́ yà sí kí wọ́n tó dé ilé-ìwòsàn. Bí ìbàdí bá wá ń ro ẹni tí kò ṣubú, tí kò fara pa, jẹ̀díjẹ̀dí ni a kọ́kọ́ ń fẹ̀sùn kàn. Mo ti tọ́jú awakọ̀ tó ti mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí fún ọdún pípẹ́, tó sì jẹ́ pé ìjókòó ọkọ̀ tó ti rì àti wákàtí gbọọrọ láàárín Ìbàdàn àti Èkó ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Iṣẹ́ tèmi gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi físíò tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa ní ilé-ìwòsàn Igbóbì l'Ékòó. Nígbà tó di 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ náà títí dé ipele oyè.

Chiropractic, ìyẹn iṣẹ́ títi eegun ẹ̀yìn tí àwọn èèyàn ń rí lórí fóònù, ní tirẹ̀, ìlú Davenport ní ìpínlẹ̀ Iowa, létí odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, ló ti ṣẹ̀. Daniel David Palmer, ẹni tí wọ́n bí ní Kánádà ní 1845, ń tọ́jú àwọn èèyàn níbẹ̀ pẹ̀lú agbára kan bí ti òòfà tó gbà pé ó ń ti ọwọ́ òun jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń tọ́jú ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́, Harvey Lillard lorúkọ rẹ̀, sọ fún un pé etí òun ti di láti nǹkan bí ọdún 17, láti ọjọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ tí nǹkan kan já lẹ́yìn òun. Palmer yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní òun rí eegun kan tó yọ síta, ó tì í wọlé, Lillard sì tún ń gbọ́ràn. Bí Palmer ṣe rò ó nìyẹn. Ọmọbìnrin Lillard rò ó lọ́nà mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà: ó ní àwàdà ni wọ́n ń ṣe tí Palmer fi gbá bàbá òun lẹ́yìn. Iṣan tí a fi ń gbọ́ràn, inú agbárí ló wà, ibẹ̀ náà ló sì ti ń wọ ọpọlọ. Kì í gba ẹ̀yìn kọjá. Síbẹ̀ Palmer fi ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ńlá. Ó ní nínú àrùn 100, 95 ló jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ ló fà á. Ní 1906 wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń wo aláìsàn láìgba ìwé àṣẹ.

Àwọn dókítà bá àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà kà á sí ìwà àbùkù kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn bá chiropractor, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ṣe pọ̀. Ní 1976, chiropractor kan, Chester Wilk, àti àwọn mélòó kan gbé ẹgbẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di 1987 adájọ́ Susan Getzendanner dá àwọn chiropractor náà láre. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin fún iṣẹ́ náà ní 1994, débi pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní chiropractor níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó kàwé dáadáa nínú wọn. Ohun tí àwọn tó jinlẹ̀ jù ń ṣe lónìí kò jìnnà sí tèmi: wọ́n á gbọ́ tẹnu aláìsàn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi ọwọ́ tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì kọ́ ọ ní eré ìdárayá. Àwọn kan ṣì wà tó rọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ Palmer, tí wọ́n ń sọ pé àwọn lè fi títi eegun wo ikọ́ ẹ̀fúùfù àti inú rírun ọmọ ọwọ́. Èmi kò gbà. Ní Nàìjíríà, àwọn tó kọ́ ọ dójú àmì kò pọ̀. South Africa ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni, àwọn mìíràn sì ń rékọjá òkun lọ kọ́ ọ. Àwọn tó kọ́ ọ lórí fóònù ló ń pọ̀ sí i láàárín wa.

Kí ló ń dún gan-an? Nínú oríkèé, láàárín eegun kan àti èkejì, oje kan wà tó ń mú wọn yọ̀. Bí a bá fi agbára ya àwọn eegun náà díẹ̀ lójijì, àyè ń ṣí sílẹ̀ nínú oje yẹn, afẹ́fẹ́ sì ń kóra jọ síbẹ̀. Ní 2015 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fa ìka ọwọ́ èèyàn nínú ẹ̀rọ MRI títí ó fi dún, wọ́n sì rí i bí àyè náà ṣe ń ṣí. Kò sí eegun tó padà síbi tó ti kúrò, nítorí kò kúrò níbì kankan. Eegun ẹ̀yìn tó bá yẹ̀ ní tòótọ́, bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ilé-ìwòsàn ńlá ni a ń sáré gbé olúwarẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ lásán tì í.

Ṣé irọ́ wá ni ìtura tí aláìsàn ń rí? Rárá o. Bí ọwọ́ bá kan ẹ̀yìn lọ́nà tó tọ́, ẹran ara tó ti le gbandi ń dẹ̀, ìrora ń rọlẹ̀, aláìsàn sì lè yí ara rẹ̀ padà fún wákàtí mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí rẹ̀ kò rí i pé ó tayọ eré ìdárayá tàbí àwọn ìtọ́jú gidi mìíràn, wọn kò sì rí i pé ó kéré sí wọn. Ohun tí ojú tèmi rí lẹ́nu iṣẹ́ bá èyí mu. Ìtura náà dà bí ìgbà tí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fúnni. Ẹni tó bá rìn kọjá ẹnu ọ̀nà nígbà tó ṣí sílẹ̀ ló ń jàǹfààní.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé jù nìyí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ há lọ́jọ́ kan bó ṣe fẹ́ gbé àpò. Wọ́n ya àwòrán X-ray, ẹni tó wò ó sì sọ fún un pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ, pé kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́ láéláé, kó má baà rọ. Gbólóhùn yẹn gùn tó ìṣẹ́jú kan bí? Ìyá náà gbà á gbọ́ bí ẹni gba àṣẹ. Ó jókòó sílé, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a tajà. Kò pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́. Kò kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà mọ́, ó sì ń tijú débi pé kò lọ sí òde kankan. Nígbà tí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ mi, kò kọ́kọ́ sọ ibi tó ń dùn ún. Ohun tó sọ ni pé, "Dókítà, mi ò fẹ́ rọ o."

Èyí tí wọ́n pè ní jíjẹ nínú àwòrán rẹ̀ kò ju ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe lọ. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí àwòrán ẹ̀yìn àwọn èèyàn 3,110 jọ, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí ẹ̀yìn kò dùn. Nínú àwọn ẹni 20 ọdún, 37 nínú 100 ni dísìkì wọn, ìyẹn ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun kan àti èkejì, ti ń gbó. Láàárín àwọn ẹni 80 ọdún, 96 nínú 100 ni. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Àwòrán lè fi eegun tó ti gbó hàn lára ẹni tí ń jó lóde àríyá, kó sì fi ẹ̀yìn tó dán hàn lára ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ń ka àwòrán fún aláìsàn láìsọ èyí fún un ń fi ọ̀rọ̀ ṣe é léṣe, ì báà jẹ́ dókítà, ì báà jẹ́ físíò, ì báà jẹ́ chiropractor tó ń tọ́ka sí ibi tí eegun "ti yẹ̀."

Ohun tí mo ṣe fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ náà kò ní ìró nínú. A bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbé áńkáṣífù nílẹ̀. Ó ń gbọ̀n nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò rọ. A bọ́ sórí kóńgò òfìfo, lẹ́yìn náà kóńgò tó ní ẹ̀lùbọ́ nínú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dùn ún díẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, mo sì ń sọ fún un pé dídùn yàtọ̀ sí bíbàjẹ́. Oṣù mélòó kan kọjá kó tó padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ wá sọ fún mi nínú ayọ̀ rẹ̀ ni pé òun ti pọn ọmọ-ọmọ òun.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àṣẹ tí aláìsàn sábà máa ń gbà ni kí ó lọ dùbúlẹ̀. Wọ́n á ní kó fi pákó sábẹ́ tìmùtìmù, kó má dìde fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ní 1995 ni ìwádìí kan jáde láti Helsinki ní Finland, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn 186 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn: wọ́n ní kí àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí àwọn kan máa ṣe eré ìdárayá kan pàtó, kí àwọn yòókù máa bá iṣẹ́ wọn lọ níwọ̀n bí ara wọn bá ti gbà. Àwọn tó ń bá iṣẹ́ wọn lọ ló tètè gbádùn jù. Ó pẹ́ kí ìmọ̀ yìí tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, títí di ìsinsìnyí sì ni mo ń pàdé ẹni tí ìbátan rẹ̀ kò jẹ́ kó dìde gba omi mu.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn dídùn tó ti wọra. Wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 619 ni àìlera yìí ń bá fínra káàkiri ayé ní 2020. Lára ìtọ́jú tí wọ́n fọwọ́ sí ni kíkọ́ aláìsàn ní ohun tó ń ṣe é, eré ìdárayá, ìtọ́jú ọkàn, wíwọ́ra, àti fífi ọwọ́ ti eegun ẹ̀yìn, èyí tí chiropractor ń ṣe. Ìyẹn dùn mọ́ àwọn chiropractor nínú, ó sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ ìlànà kan náà kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì ìbàdí, kò fọwọ́ sí fífa ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ sí àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ìró tàbí iná mànàmáná tọ́jú ìrora. Àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyẹn ló kún yàrá iṣẹ́ físíò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ná owó ńlá lé lórí kì í rọrùn láti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, aláìsàn pàápàá sì máa ń rò pé iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀rọ nínú kì í ṣe iṣẹ́. Mo gbà pé àwa físíò ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí a tó kọjú sí ẹlòmíràn.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti le, tí mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí ẹnì kan nígboro ti ń bá a tẹ ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀. Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ sùn?" Ó ní òru gan-an ló ń jí òun. Mo wò ó, aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Mi ò fọwọ́ tì í. Mo kọ̀wé lé e lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwòsàn, wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ prostate ti ràn dé eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Eegun tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ lè kán lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń wá ìró. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìrora tó ń le sí i lóru, ara tó ń rù láìnídìí, ibà tí kò lọ, ẹni tó ní jẹjẹrẹ rí, ẹni tó ṣubú láìpẹ́: gbogbo wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ikọ́ ife pàápàá lè wọ eegun ẹ̀yìn. Àwọn iké kan tí a ń rí nígbà kan rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Bí àárín itan méjèèjì bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn, tàbí bí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà láìmọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ, kó tó di pé ẹsẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́. Ní ti ọrùn, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ dájú níbẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ gba inú eegun ọrùn kọjá, àwọn kan sì wà tí òpó náà ya lẹ́yìn tí wọ́n lọ́ ọrùn wọn lójijì, tí rọpárọsẹ̀ sì tẹ̀lé e. Kò wọ́pọ̀. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ́ ọrùn ọmọ mi lójijì.

Èyí tó ń dùn mí jù, yàtọ̀ sí ewu, ni àwọn tí a sọ di ẹni tí kò lè dá dúró. Ọkùnrin kan padà wálé láti London, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti sanwó fún ìtọ́jú chiropractic ọ̀pọ̀ oṣù sílẹ̀ fún un. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì lókun. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé eegun ẹ̀yìn òun ń yẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àti pé bí ẹnikẹ́ni kò bá bá òun tò ó, òun kò ní lè rìn. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ohun tó burú; ìgbàgbọ́ yẹn ni mo ní láti tọ́jú, ó sì gbà mí ní àsìkò ju ẹ̀yìn gan-an lọ. Ẹni tó bá ń sọ fún aláìsàn pé kó máa padà wá títí ayé kí eegun má baà yẹ̀, owó ló ń wá. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà láàárín tiwa náà.

Bí ìrora bá ti lọ, ìbẹ̀rù gbogbo aláìsàn ni pé kó má padà. Ní 2024 ìwádìí kan láti Ọsirélíà jáde lórí àwọn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn láti máa rìn, díẹ̀díẹ̀ títí dé nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń là wọ́n lóye. Láàárín àwọn tó ń rìn, nǹkan bí ọjọ́ 208 ni ìrora náà fi pẹ́ kó tó padà. Láàárín àwọn yòókù, 112 ni. Rírìn kò gba owó. Ó gba ojú ọ̀nà tí ọ̀kadà kò ní gbáni, n'Ìbàdàn sì rèé, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Mo máa ń ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lo pápá ilé-ìwé tó sún mọ́ wọn ní ìdájí. Alágbàtà tó ń rìn láti òwúrọ̀ dé alẹ́ pẹ̀lú ẹrù lórí, mi ò ní sọ fún un pé kó lọ rìn. Bí yóò ṣe pín ẹrù náà ni a jọ máa ń jíròrò, àti ibi tí yóò ti sinmi. Àwọn kan sì wà tí ẹ̀yìn wọn há débi pé wọn ò lè gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn wọ̀nyẹn ni mo ṣì máa ń fọwọ́ ti eegun ẹ̀yìn fún. Kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n ni mo ti ń sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, kí wọ́n má baà fetí sílẹ̀ de ìró.